Ère amọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Íńdíà: ẹ má fi omi kàn wọ́n

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Leeds ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń ṣe. Màmá òyìnbó kan tí mo tọ́jú títí ó fi dolóògbé fi àpótí kan sílẹ̀ fún mi. Ère amọ̀ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó ga ju rúlà ọmọ ilé ìwé lọ. Ọkùnrin kan gbé awọ omi kọ́ ẹ̀yìn, ọ̀kan ń fọ aṣọ, ọ̀kan ń fá irun fún oníbàárà, ọ̀kan jókòó nídìí òfì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ gidi ni wọ́n wọ̀, eruku sì ti sọ ọ́ di dúdú. Apá ẹni tó pọn omi ti kán, wáyà ń yọ níbẹ̀. Màmá ní bàbá bàbá òun ló kó wọn bọ̀ láti Íńdíà. Ṣé mo lè fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ wọ́n? Níbo gan-an ni wọ́n ti wá? Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní kí n má gbé wọn sí pálọ̀, ó ní òyìnbó fi wọ́n gan àwọn ará Íńdíà ni. Ṣé òótọ́ ló sọ?"

Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá, ẹ sì kú àmójútó ohun tó fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti omi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti lè bàjẹ́ kíákíá. Ẹ má fi omi kàn wọ́n rárá. Bí ẹ bá ti fọ ọ̀kan kí ẹ tó rí ìdáhùn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú irú ère yìí ni kò rí iná rí. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi gbẹ. Ẹni tó bá dàgbà ládùúgbò àwọn amọ̀kòkò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìkòkò tí a kò tíì sun máa ń le bó bá gbẹ tán, ṣùgbọ́n bí òjò bá pa á mọ́jú, ẹrẹ̀ la ó bá láàárọ̀. Ọ̀dà tó wà lára wọn náà kò fẹ́ omi. Àwọn oníṣẹ́ yẹn máa ń se kóró àjàgbọn títí yóò fi di àtè, àtè yìí ni wọ́n ń pò mọ́ àwọ̀ kí ó lè lẹ̀ mọ́ amọ̀. Aṣọ ìnura tó kàn tutù díẹ̀ lè ká ojú, ìmú àti irùngbọ̀n kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì ni iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n jù lọ lára ère.

Ẹ wá buruṣi rírọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kun àtíkè sójú, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Ẹ máa fi gbá eruku kúrò díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ọ̀dà bá ti ń ṣí, ẹ fò ó. Ẹ má gbọn aṣọ wọn, òwú tó ti pé tó ọgọ́rùn-ún ọdún máa ń já bí ẹ bá ti fà á. Àwọn àwọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n ń lò ní Bengal, ẹkùn kan ní ìlà oòrùn Íńdíà, ní májèlé nínú, pàápàá àwọ̀ ìyeyè àti pupa kan, nítorí náà ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi wọ́n ṣeré.

Ó ku ibi tí wọ́n ti wá. Aṣọ gidi lára, wáyà nínú apá: mo gbà pé Krishnanagar ló ṣeé ṣe jù. Ìlú náà wà ní àgbègbè Nadia ní Bengal, nǹkan bí 100 kìlómítà sí àríwá Calcutta, ìlú tí wọ́n ń pè ní Kolkata nísinsìnyí. Odò Jalangi ló ṣàn kọjá lẹ́bàá rẹ̀, àdúgbò àwọn alámọ̀ sì ń jẹ́ Ghurni. Ìlú mìíràn náà ṣe irú ère bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Lucknow máa ń wa amọ̀ wọn nísàlẹ̀ adágún, wọ́n máa ń sun ún níná, amọ̀ kan náà ni wọ́n sì sábà máa fi ń ya aṣọ sí ère lára. Pune náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti rí aṣọ tí wọ́n rán, wáyà, àti ojú tó jọ ojú ẹni tí ẹ lè pàdé lọ́jà, Krishnanagar ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Amọ̀ oríṣi méjì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ọ̀kan máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, entel ni orúkọ rẹ̀ lédè Bengal. Ìkejì ní iyanrìn díẹ̀ nínú, ìyẹn ni bele. Bí èyí tó ń lẹ̀ bá pọ̀ jù, ère á sán nígbà tó bá ń gbẹ, bí oníyanrìn bá sì pọ̀ jù, kò ní gbá ara rẹ̀ mú. Oníṣẹ́ á pò wọ́n pọ̀, á gbo ó títí kò fi ní sí òkúta kankan nínú rẹ̀, á wá fi wáyà ṣe egungun fún apá àti ẹsẹ̀. Wọ́n lè fi mọ́ọ̀dù tẹ orí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń parí rẹ̀, pẹ̀lú igi ọparun pẹlẹbẹ tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín. Igi yìí ni wọ́n fi ń la ojú, tí wọ́n fi ń fa ìlà sí iwájú orí, tí wọ́n fi ń ya èékánná kọ̀ọ̀kan sí ìka tí kò nípọn ju ìṣáná lọ.

Ẹ gbé ẹni tó pọn omi yín súnmọ́ fèrèsé, kí ẹ wò ó dáadáa. Bhisti ni wọ́n ń pè é. Awọ odindi ewúrẹ́ ni ohun tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n rán an pa, wọ́n fi ọrùn ẹran náà sílẹ̀ fún ẹnu omi. Ẹnu yẹn ni ó máa ń fọwọ́ dì mú, tó bá tú u díẹ̀, omi á tú jáde. Mo ti mú irú rẹ̀ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ mi, tí mo sì ń wò ó títí tí ọ̀gá mi fi pè mí. Èjìká kan ga ju ìkejì lọ, nítorí okùn awọ náà ti wọ èjìká tó wà nísàlẹ̀. Ìbàdí yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ti ẹni tí ẹrù wúwo lọ́rùn tó sì ti ń rù ú láti ìdájí. Iṣan yọ lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó ya ère yẹn ti tẹjú mọ́ apọnmi ní òpópónà, ó sì mọ ibi tó ń dùn ún. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn apọnmi wọ̀nyí, Híńdù sì ni àwọn alámọ̀ Ghurni. Ó yà á síbẹ̀síbẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Láti ibi ìsìn ni ọgbọ́n náà ti wá. Ní Bengal, bí ọdún òrìṣà Durga bá ń bọ̀, wọ́n máa ń di koríko ìrẹsì mọ́ igi àti ọparun, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ wọ̀ ọ́. Bí ọdún bá parí, wọ́n á gbé ère náà lọ sódò, wọ́n á jẹ́ kí omi gbà á padà. Ìdí rèé tí wọn kì í fi sun ún níná. Ọba Krishnachandra, tó jẹ ní Nadia láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, fẹ́ràn ọdún òrìṣà gan-an, ó sì ṣe agbátẹrù fún àwọn alámọ̀. Ìdílé tí ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn jù nínú iṣẹ́ yìí ń jẹ́ Pal. Bàbá kọ́ ọmọ, ọmọ kọ́ ọmọ tirẹ̀, títí di òní.

Nígbà ayé Krishnachandra náà ni ìjọba yí padà. Ogun Plassey tí ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gba Bengal lọ́wọ́ ọba ibẹ̀ ní 1757, inú àgbègbè Nadia kan náà ni wọ́n ti jà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni oníbàárà tuntun dé: ọ̀gá ìjọba, sójà, oníṣòwò, àti ìyàwó wọn. Wọn kò wá òrìṣà. Ohun tí wọ́n fẹ́ kó lọ sílé ni àwòrán àwọn ènìyàn tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, pàápàá àwọn tó ń sìn wọ́n: alásè, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé ọmọ, ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin, alágbàfọ̀, aránṣọ, akódà tó ń gbé lẹ́tà ìjọba, ẹni tó ń fa abẹ̀bẹ̀ ńlá òkè àjà láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìgboro tẹ̀ lé wọn: ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà, onígbàjámọ̀, amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ nídìí kẹ̀kẹ́ ìmọkòkò tó ń yí.

Ní 1851, nígbà tí wọ́n ṣe Ìpàtẹ Ńlá ní Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ Krishnanagar wà níbẹ̀, Sriram Pal sì wà lára àwọn tó ṣe é. Iṣẹ́ àwọn ọmọ Pal yìí kì í ṣe kékeré nìkan. Ní Salem ní Amẹ́ríkà, ère àwọn oníṣòwò Calcutta tó tó ènìyàn gidi ní ìwọ̀n ṣì wà nínú mùsíọ́mù, èyí tí àwọn atukọ̀ ìlú náà gbà lọ́wọ́ àwọn alábàáṣòwò wọn. Ìdílé náà tún bí Jadunath Pal àti Rakhal Chandra Pal, tí iṣẹ́ wọn dé òkè òkun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ wọ̀nyí nítorí pé ẹ kò ní rí i lára ère yín. Bí ìwé kékeré kan bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni "alágbàfọ̀" tàbí "onígbàjámọ̀" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́, wọn kò kọ orúkọ ẹni tó ya á, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n yà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ yín ti wọlé. Mo gbà pé ó rí nǹkan kan.

Láàárín àsìkò tí irú ère yìí ń tà jù, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà kò sinmi lórí pípín ènìyàn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Láàárín 1868 àti 1875 wọ́n tẹ ìwé fọ́tò ìdìpọ̀ 8 jáde lórí ẹ̀yà àti iṣẹ́ àwọn ará Íńdíà. Ní 1872 wọ́n ṣe ìkànìyàn àkọ́kọ́ tó kárí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ náà, wọ́n sì to ènìyàn sábẹ́ káàsìtì, ìyẹn ìpele tí wọ́n bí kálukú sí láwùjọ, bí ẹni pé iṣẹ́ tí a bí ènìyàn sí ni òun fúnra rẹ̀. Ère amọ̀ bọ́ sínú ètò yẹn láìsí wàhálà. Ẹni tó bá ra mẹ́jọ tàbí méjìlá lérò pé òun ti kó Íńdíà sínú àpótí, kí ó tò ó sórí pẹpẹ nílé, onírúurú ènìyàn láìsí ẹni kan nínú wọn tó lè fèsì.

Ìpàtẹ tí wọ́n ṣe ní South Kensington ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886 ló fi ọ̀ràn yìí hàn jù. Ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 5 ló wá wò ó. Ère amọ̀ tó tó ènìyàn wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ ẹ̀yà àwọn ará Íńdíà. Nínú ọgbà kan náà, wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ alààyè jókòó kí àwọn òǹwòran lè máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Agra, níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ló sì mú wọn wá. Amọ̀kòkò kan wà láàárín wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bakshiram, wọ́n ní ẹni ọdún 102 ni. Ọbabìnrin Victoria ní kí ayàwòrán Rudolf Swoboda ya àwòrán rẹ̀. Ẹ ronú sí i: amọ̀kòkò tí wọ́n fi amọ̀ ṣe àti amọ̀kòkò tó ń mí, wọ́n jọ wà nínú ìpàtẹ kan náà, ojú kan náà ni wọ́n sì fi ń wo àwọn méjèèjì.

Rakhal Chandra Pal ṣe iṣẹ́ kan fún ìpàtẹ yẹn, ó ṣì wà ní ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ aró ni ó yà, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère kéékèèké tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Nínú irú ilé aró bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń kó ewé wá látoko, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọpọ́n ńlá tí wọ́n fi bíríkì mọ, àwọn ọkùnrin á wọ inú omi náà, wọ́n á máa lù ú títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà, lẹ́yìn náà wọ́n á sè é, wọ́n á fún un, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a. Ẹni tó bá ti rí aláró ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo mọ̀ pé iṣẹ́ aró kì í ṣe iṣẹ́ eré. Ní Bengal, ìyà wà nínú rẹ̀ ju ti iṣẹ́ lọ. Àwọn òyìnbó tó ni ilé aró máa ń fi owó àsansílẹ̀ di àgbẹ̀ lọ́rùn, wọ́n á fipá mú un gbin ewé aró sórí ilẹ̀ tó yẹ kó fi gbin ìrẹsì, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń san lórí rẹ̀. Gbèsè bàbá á di ti ọmọ. Ní 1859 àwọn àgbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn kò gbìn ín mọ́. Ní Nadia, àgbègbè Rakhal Chandra Pal gan-an, ni ọ̀tẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1860.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún bíi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìgbìmọ̀ yẹn, ọmọ Nadia kan fi amọ̀ Nadia ya ilé aró fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ni wọ́n ní kó fi hàn, bí aró ṣe ń di aró. Gbèsè kò ṣeé fi amọ̀ yà, àwọn tó sanwó iṣẹ́ kò sì béèrè fún un. Bí mo bá rántí èyí, inú mi kì í dùn, mo sì gbà pé ibi tí ẹ̀gàn wà gan-an nìyẹn: nínú ohun tí wọ́n ní kí wọ́n yà, àti ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀.

Àmọ́ mi ò ní gbà kí ọmọ yín fi ẹ̀sùn ẹni tó ra ère kan ẹni tó yà á. Àwọn alámọ̀ Ghurni kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ padà wo onígbàjámọ̀ yín, bí ó ṣe fi ìka méjì gbé àgbọ̀n oníbàárà rẹ̀ sókè kí abẹ má baà ṣèèṣì gé e. Ìfọkànsìn tí wọ́n fi ń ya ojú Durga ni wọ́n fi ya ojú onígbàjámọ̀ yẹn. Àwọn alárìíwísí òyìnbó kan nígbà náà tilẹ̀ sọ pé aṣọ gidi àti irun gidi sọ ère wọ̀nyí di ohun ìṣeré ọmọdé, pé kò tó ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ ọnà. Mi ò gbà fún wọn rárá. Ẹni tó wọ aṣọ fún òrìṣà rẹ̀ lọ́dọọdún kò ní kí òyìnbó kọ́ òun bí ère ṣe yẹ kó rí.

Àwa náà mọ ìtàn yìí nílé wa. Ní ìpàtẹ Wembley ní 1924, Gopeshwar Pal láti Krishnanagar lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ya ojú ènìyàn lójú àwọn òǹwòran, wọ́n sì yìn ín. Nínú ìpàtẹ kan náà ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà mìíràn sí àgọ́ olódi kan kí àwọn ènìyàn lè máa wò wọ́n. Ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kan sì kọ ìsọkúsọ nípa wa, pé a ń jẹ ènìyàn. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin níbẹ̀, fìbínú kọ lẹ́tà láti já irọ́ náà. Látinú ìjà yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, WASU, ti jáde ní 1925. Ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó, Thomas Ọnà Odulate ń gbẹ́ igi, àwọn òyìnbó ìjọba gan-an ló ń gbẹ́, pẹ̀lú fìlà àti ìwé lọ́wọ́ wọn, òyìnbó kan náà ló sì ń rà wọ́n lọ sílé. Ọmọ yín tó ń bínú lónìí wà nínú ìlà Ṣólàńkẹ́, kí ẹ má bá a wí. Ẹ kàn sọ fún un pé kó ka orúkọ Pal mọ́ ìbínú rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ gbé wọn sí pálọ̀. Ẹ wá kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí oòrùn kì í dé, tí kò sì súnmọ́ hítà, nítorí ooru hítà lásìkò òtútù Leeds máa ń mú amọ̀ sán. Ẹ máa yẹ aṣọ wọn wò fún kòkòrò, pàápàá níbi tí irun bá wà. Ẹ kọ ìwé kékeré síwájú wọn, kí ó ní orúkọ Krishnanagar, Bengal, kí ó sì sọ pé ọwọ́ àwọn alámọ̀ Ghurni ló ṣe wọ́n.

Ní ti apá tó kán, ẹ má fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́, ó máa ń fa amọ̀ àtijọ́ ya síwájú sí i, kò sì ṣeé tú mọ́. Gbogbo ègé tó bá já bọ́, ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ ère tó ni ín sára rẹ̀. Ẹ fóònù àwọn mùsíọ́mù tó bá wà nítòsí yín, kí ẹ ní kí wọ́n júwe ẹni tó ń tún ère amọ̀ ṣe. Ẹ ya fọ́tò ìdí ère kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí ìwé bá lẹ̀ mọ́ ọn, kí ìwé náà tó ṣí.

Bí ẹ bá ṣì ní nọ́ńbà ẹbí màmá, ẹ bá mi béèrè irú iṣẹ́ tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe ní Íńdíà, ìlú tó gbé, àti ọdún tó darí wálé. Ẹ fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò náà. Ìgbà yẹn ni mo lè sọ ọjọ́ orí wọn fún yín láì méfò.